Ẹ má fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá: wéètì inú kílọ́ọ̀ṣì ló ń jó bẹ́líìtì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan lórí ojú ewé ọkọ̀ tí ẹ ń gbé jáde fún àwa tí a wà lókè òkun. A ka ìmọ̀ràn tí ẹ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Minnesota àti Wisconsin, àwọn tó ń ra alùpùpù orí yìnyín àlòkù, ìyẹn snowmobile, nígbà òtútù. Ẹ ní bí bẹ́líìtì rẹ̀ bá jó, kí onítọ̀hún ra òmíràn, kí ó fi í sí i, kí ó máa gùn ún lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Bẹ́líìtì kan máa ń lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń jó mẹ́ta láàárín òtútù kan ṣoṣo nítorí pé wọn kò wo ohun tó ń jó o. Owó nìkan kọ́ ló sì ń dùn wá. Bí bẹ́líìtì bá já mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ lórí adágún tó ti di yìnyín, tí ilẹ̀ ti ṣú, tí òtútù ti lọ sísàlẹ̀ òdo, ẹ̀mí ló wà nínú ewu yẹn.

Nínú ọkọ̀ tí bẹ́líìtì rẹ̀ ń jó léraléra, ibi tí a kọ́kọ́ máa ń wò ni wéètì mẹ́ta tó wà nínú kílọ́ọ̀ṣì iwájú, àti rólà, ìyẹn àgbá kékeré tó ń yí, àti bùúṣì, ìyẹn òrùka inú ìdí wéètì, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń jẹ.

Alùpùpù yìí kò ní jíà tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ yí bíi ti ọ̀kadà. Kílọ́ọ̀ṣì méjì ló ní, bẹ́líìtì rọ́bà kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀. Ti iwájú wà lórí ṣáàfùtù ẹ́ńjìnnì gan-an. Ti ẹ̀yìn wà lórí ṣáàfùtù tó ń gbé agbára lọ bá rọ́bà gbọọrọ tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan jẹ́ àwo irin méjì tó dojú kọra, tí ojú wọn dà gẹ́rẹ́, bẹ́líìtì sì wà láàárín wọn. Bí àwo méjèèjì bá súnmọ́ra, bẹ́líìtì á gun òkè. Bí wọ́n bá jìnnà síra, á sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, bẹ́líìtì wà nísàlẹ̀ ní iwájú, ó wà lókè ní ẹ̀yìn, bíi jíà kìn-ín-ní. Bí eré ṣe ń pọ̀ ni ti iwájú ń gun òkè, tí ti ẹ̀yìn ń sọ̀ kalẹ̀. Ọgbọ́n yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí yìnyín. Ilé iṣẹ́ DAF ti ilẹ̀ Netherlands ti fi irú rẹ̀ sínú mọ́tò kékeré ní 1958, ọdún kan ṣáájú kí Joseph-Armand Bombardier tó gbé alùpùpù orí yìnyín Ski-Doo jáde ní Valcourt, ní ìpínlẹ̀ Québec ní Kánádà.

Kí ló ń ti àwo iwájú súnmọ́ra? Wéètì ni. Nínú kílọ́ọ̀ṣì Polaris àti ti Arctic Cat, ìyẹn ilé iṣẹ́ méjì tó ń ṣe alùpùpù orí yìnyín, àwo kan kì í kúrò lójú kan, èkejì ló ń rìn. Lẹ́yìn àwo tó ń rìn ni wọ́n so apá irin mẹ́ta mọ́, tí ó tẹ̀ díẹ̀ bí ìka ọwọ́ tí ènìyàn ká kò. Píìnì gba ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá, ó sì lè ṣí kó tún padà bí ilẹ̀kùn. Àwọn apá irin yìí là ń pè ní wéètì. Òdìkejì wọn ni irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí wọ́n ń pè ní spider, tí a dè mọ́ ṣáàfùtù kílọ́ọ̀ṣì pinpin, tó ní rólà kan ní orí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, wéètì fẹ́ fò síta, rólà sì dè é lọ́nà. Nítorí pé spider kò lè kúrò níbi tó wà, àwo ló gbọ́dọ̀ rìn. Ó ń rìn lọ bá ìkejì rẹ̀, ó sì ń fún bẹ́líìtì mọ́. Sípíríǹgì ńlá kan wà láàárín tó ń ti àwo náà padà. Ìjàkadì wéètì àti sípíríǹgì yìí ló ń pinnu ìgbà tí kílọ́ọ̀ṣì máa di bẹ́líìtì mú, tó sábà máa ń wà láàárín 3,000 sí 4,500 RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹni tó bá gbé wéètì kan lé àtẹ́lẹwọ́ lè rò pé kò jẹ́ nǹkankan. Ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò rẹ̀. Ká ní ó wúwo tó gíráàmù 60, tí àárín ìwúwo rẹ̀ sì jìnnà sí àárín ṣáàfùtù ní sẹ̀ǹtímítà 5. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 8,000 RPM, agbára tí wéètì kékeré yẹn fi ń fà síta lé ní kìlógíráàmù 200, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin lọ. Ní 4,000 RPM, ìdá mẹ́rin rẹ̀ péré ni, nǹkan bíi kìlógíráàmù 54, nítorí bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìfàsíta á di ìlọ́po mẹ́rin. Mẹ́ta sì ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí gíráàmù 1 tó bá dín lára wéètì kan ní 8,000 RPM fi jẹ́ àdánù tó lé ní kìlógíráàmù 3, ìdí náà sì nìyẹn tí ibi tín-ń-tín tó bá jẹ lójú irin yẹn kì í fi ṣe ohun kékeré.

Ojú wéètì tí rólà ń gùn kò tẹ́jú. Wọ́n gé e ní ìtẹ̀ tí wọ́n ti ṣírò dáadáa. Bí ọkọ̀ ṣe ń gbéra, rólà wà níhà ìdí wéètì, lẹ́bàá píìnì. Bí àwo ṣe ń rìn, rólà á máa lọ sí ṣóńṣó orí rẹ̀. Irin tó bá wúwo níhà ìdí ló ń pàṣẹ nígbà tí ọkọ̀ ń gbéra àti láàárín eré. Èyí tó wúwo níhà ṣóńṣó ló ń pàṣẹ nígbà tí eré bá ti pọ̀. Wéètì méjì lè wúwo bákan náà lórí òṣùwọ̀n, kí ọkọ̀ má sì ṣe bákan náà lórí yìnyín, nítorí ibi tí ìwúwo wà lára wọn yàtọ̀. Ẹni tó bá ra wéètì lọ́jà nítorí nọ́ńbà gíráàmù rẹ̀ nìkan, tí kò wo irú ìtẹ̀ ojú rẹ̀, yóò kàn dá wàhálà tuntun sílẹ̀ ni.

Ó wá kan jíjẹ. Irin ń jẹ irin, èrúkú bẹ́líìtì sì ń bá a jẹ. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ, wéètì máa ń gbọ̀n, á máa lu rólà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú kan náà, fún wákàtí mélòó kan lọ́dọọdún. Bí awakọ̀ bá sì jẹ́ ẹni tó máa ń di eré kan ṣoṣo mú lójú ọ̀nà gígùn, rólà á dúró síbi kan lójú wéètì, á gbẹ́ kòtò síbẹ̀. Ibi tí kòtò wà ń sọ bí wọ́n ṣe lo ọkọ̀ náà. Tó bá wà níhà ìdí, ọkọ̀ tó ń dúró tó ń gbéra ní gbogbo ìgbà ni. Tó bá wà láàárín, eré ìrìn-àjò ni. Tó bá wà níhà ṣóńṣó, ẹni tó ni ín fẹ́ràn láti máa fi gbogbo eré sá lórí adágún. Ẹni tó fẹ́ ra àlòkù lè ka ìtàn ọkọ̀ náà lójú wéètì ju bó ṣe máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń tà á.

Kòtò náà kò ní láti jìn kó tó ṣe ibi. Rólà á jìn sínú rẹ̀, kò ní fẹ́ jáde. RPM á ga sókè nítorí àwo kò rìn bó ṣe yẹ kó rìn, bẹ́líìtì á máa yọ̀ lójú àwo, ooru á mú un. Lẹ́yìn náà ni wéètì á já jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àwo á fún bẹ́líìtì mọ́ lójijì, ọkọ̀ á fò síwájú bí ẹni pé wọ́n tì í láti ẹ̀yìn. Awakọ̀ á ní kábúrẹ́tọ̀ ni, tàbí púlọ́ọ̀gì. Wọ́n á pààrọ̀ gbogbo wọn, kò ní yí padà.

Bùúṣì inú ìdí wéètì náà ń jẹ. Yóò kọ́kọ́ ṣe roboto, yóò wá dà bí ẹyin. Nígbà náà, wéètì kan á máa jáde ṣáájú àwọn méjì tó kù, àwo á dagun díẹ̀, bẹ́líìtì á máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n. Píìnì tí bùúṣì yẹn ń yí lé lórí máa ń ní ojú ọgbẹ́ pẹ̀lú, nítorí náà a kì í pààrọ̀ ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí ihò tí píìnì gbà kọjá lára àwo fúnra rẹ̀ ti fẹ̀; bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, àwo náà ti lọ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wẹ́dà dí i fún yín. Rólà tiẹ̀ ní àìsàn tirẹ̀. Bí èrúkú bá dì í, kò ní yí mọ́, wéètì á máa ha á lára, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn bọ́tìnì oníke tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ spider, tó ń fara ra òpó àwo, náà máa ń jẹ. Tí àyè bá ti wà láàárín wọn, gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì á máa gbá òpó yẹn bí òòlù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ẹjọ́ wà kí ẹ tó tú ohunkóhun, ooru ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹ gun ọkọ̀ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ ṣí ìbòrí bẹ́líìtì, kí ẹ fi ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ooru láìfọwọ́kàn wo àwo kílọ́ọ̀ṣì méjèèjì. Tó bá wà ní nǹkan bíi 65 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì (Celsius) tàbí kó dín, ara rẹ̀ le. Tó bá ti ń súnmọ́ 100, nǹkan ń yọ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ti iwájú ló gbóná ju ti ẹ̀yìn lọ, wéètì, rólà tàbí sípíríǹgì iwájú ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn, sípíríǹgì ẹ̀yìn àti ìgun, ìyẹn irin tó dà gẹ́rẹ́ tó ń ti àwo rẹ̀, ni. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì láé nígbà tí bẹ́líìtì kò sí níbẹ̀ tàbí tí ìbòrí rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Kílọ́ọ̀ṣì tó bá fọ́ ní 8,000 RPM kò yàtọ̀ sí ìbọn.

Láti wo inú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ bẹ́líìtì. Ìdérí kílọ́ọ̀ṣì Polaris àti irú rẹ̀ ní bóòtì mẹ́fà. Sípíríǹgì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń ti ìdérí síta pẹ̀lú agbára tó lè fọ́ ìka. Ẹ má tú bóòtì kan tán kí ẹ tó tú èkejì. Ẹ máa tú wọn díẹ̀díẹ̀ ní ìdojúkọra, kí ẹlòmíràn sì fi ọwọ́ méjèèjì di ìdérí mú títí sípíríǹgì á fi sinmi. Ṣáájú èyí, ẹ wá àmì X tí wọ́n tẹ̀ sára ìdérí, spider àti àwo. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi bírò tí yíǹkì rẹ̀ kì í tètè parẹ́ fa ilà tiyín. Wọ́n ti dọ́gba gbogbo kílọ́ọ̀ṣì náà pa pọ̀ ní ilé iṣẹ́. Bí X kò bá bá X mu nígbà tí ẹ bá ń dì í padà, kílọ́ọ̀ṣì á máa gbọ̀n, ṣáàfùtù ẹ́ńjìnnì ló sì máa jìyà rẹ̀.

Bí sípíríǹgì bá ti kúrò, ẹ fi ọwọ́ ti àwo tó ń rìn wọlé, kí ẹ fà á jáde. Ó yẹ kó lọ geere. Bí ẹ bá gbọ́ bíi ti iyanrìn, tàbí tó há níbì kan, èrúkú ni tàbí bùúṣì. Ẹ di wéètì kọ̀ọ̀kan mú láàárín ìka méjì, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Díẹ̀ kò burú. Ẹ wá mì í sókè sódò: kò gbọ́dọ̀ mì rárá. Ẹ fi èékánná fa ojú ìtẹ̀ rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó. Bí èékánná bá kọ́ níbikíbi, wéètì yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ojú nìkan kò tó, nítorí ojú irin tó ń dán máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú rí i, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kòtò á ju òjìji. Ẹ fi bírò sàmì sórí rólà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ìka yí i, kí àmì náà yí po láìdúró.

Wéètì kì í ṣe nǹkan tí ènìyàn ń pààrọ̀ ní ẹyọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀, pẹ̀lú bùúṣì àti píìnì wọn. Ẹ wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá mẹ́wàá gíráàmù, irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò, kódà bí wọ́n bá jáde láti inú páálí kan náà. Ìyàtọ̀ tó bá lé ní ìdá méjì nínú mẹ́wàá gíráàmù, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. A mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi fáìlì ra ojú èyí tó ti jẹ kó lè tún dán. Ìpalára gbáà ni. Ìtẹ̀ ojú rẹ̀ ti yí padà, ìwúwo rẹ̀ ti dín, kò sì bá àwọn yòókù dọ́gba mọ́.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ pẹ̀lú agbára, nítorí àṣà tí a gbé wá láti ilé ni. Bí irin bá ń dún, ẹni tó bá dàgbà nídìí mẹkáníìkì nílé á ní kí wọ́n fi gírísì sí i. Kílọ́ọ̀ṣì yìí gbígbẹ ni wọ́n ṣe é láti máa ṣiṣẹ́. Ẹ má fi gírísì sí i, ẹ má fi ọ́ìlì sí i, ẹ má fọ́n ohunkóhun sí i. Gírísì á di èrúkú bẹ́líìtì mú, á sì di amọ̀ tó ń há rólà. Èyí tó bá ta sí ojú àwo á mú kí bẹ́líìtì yọ̀. Afẹ́fẹ́ láti inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àti aṣọ gbígbẹ ti tó. Ojú àwo la lè fi kànìnkànìn aláwọ̀ ewé ra díẹ̀, ká wá nù ún. Bákan náà ni ojú ṣáàfùtù ẹ́ńjìnnì tí kílọ́ọ̀ṣì jókòó lé lórí: ó gbọ́dọ̀ mọ́, ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí ẹ bá sì ní láti yọ odindi kílọ́ọ̀ṣì, púlà rẹ̀, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún yíyọ ọ́, ni kí ẹ lò. Ẹni tó bá fi irin wọ́ ọ á ba àwo jẹ́.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti padà sójú àyè, ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ bẹ́líìtì tuntun, kó gbẹ, kí ẹ gùn ún jẹ́jẹ́ fún nǹkan bíi kìlómítà 50. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú tí yìnyín rẹ̀ le, ẹ fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo epo rẹ̀, ẹ wo RPM, kí ẹ fi wé iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sínú ìwé ọkọ̀ náà. Wéètì tó wúwo jù máa ń fa RPM wálẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ jù máa ń jẹ́ kó ga jù. Gíráàmù 2 lórí wéètì kọ̀ọ̀kan máa ń yí i padà ní nǹkan bíi 200 RPM. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ láti Minnesota lọ sórí òkè Colorado gbọ́dọ̀ fi wéètì tó fúyẹ́ sí i, nítorí ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, ń pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tó bá gùn.

Ti Ski-Doo yàtọ̀ díẹ̀. Nínú kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TRA, apá irin ló gbé rólà, rólà sì ń gun ìgun irin mẹ́ta. Síkúrù mẹ́ta wà níta tó ní nọ́ńbà 1 sí 6, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì ń yí RPM padà ní nǹkan bíi 200. Ó rọrùn, ìrọ̀rùn yẹn ló sì ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Bí RPM bá yí padà nítorí pé rólà ti tẹ́ tàbí pé ìgun ti ní kòtò, wọ́n á yí síkúrù, nọ́ńbà inú míítà á dára, bẹ́líìtì á sì máa jó lọ. Ẹni tó bá ń ra àlòkù tó rí i pé síkúrù wà ní nọ́ńbà tó jìnnà sí èyí tó wà nínú ìwé, kó béèrè ìdí rẹ̀. Kó sì rí i pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní nọ́ńbà kan náà.

Àwọn tó wà nílé tí wọ́n ń gun irú alùpùpù tí kò ní jíà, tó kàn ń lọ bí wọ́n bá ti fún un lépo, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Rólà wúwúwo mẹ́fà ló ń ṣe iṣẹ́ wéètì nínú tiyín. Bí wọ́n bá tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ á máa ké láìrìn, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ni ẹ máa pààrọ̀.

Olóòtú, ohun tí a ń tọrọ ni pé kí ẹ jọ̀wọ́ tún ìmọ̀ràn yẹn gbé jáde kí òtútù tó dé, kí ẹ sì fi èyí kún un: ẹni tó bá ń lọ ra alùpùpù orí yìnyín àlòkù, kó mú tọ́ọ̀ṣì dání, kó ní kí ẹni tó ń tà á ṣí ìdérí kílọ́ọ̀ṣì iwájú lójú rẹ̀, kó sì fi èékánná fa ojú wéètì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó na owó.

Àwa ni tiyín,
Àwọn mẹkáníìkì alùpùpù orí yìnyín tó jẹ́ ọmọ Yorùbá,
Minnesota, Amẹ́ríkà.